Tíréènì tó ń ka kìlómítà: èló ló máa já sí fún ará Badagry?

Ẹni tó bá ń wọ bọ́ọ̀sì láàárọ̀ ní Badagry Roundabout á ti gbọ́ àríyànjiyàn yìí ní àgbọ́túngbọ́. Iṣẹ́ ojú irin Blue Line ń lọ láti Mile 2 sápá Okokomaiko, àwọn èèyàn sì ti ń ṣírò owó ẹ̀ kí tíréènì tó dé rárá. Àwọn kan ní owó kan náà nìjọba máa gbà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn, àwọn kan ní irọ́ ni, bí ọ̀nà ẹ bá ṣe jìn tó ni owó ẹ á ṣe pọ̀ tó, àwọn tó wá da gbogbo ẹ̀ rú ni àwọn tó ń pín voice note kiri lórí WhatsApp pé ìlọ́po méjì owó Mile 2 ni ẹni tó bá wọ̀ ní Okoko á máa san.

Kò sí èyí tó jẹ́ irọ́ pátápátá nínú gbogbo ẹ̀, kò sì sí èyí tó jẹ́ òótọ́ délẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀.

Kí ló dé tó jẹ́ pé ìsinsìnyí lọ̀rọ̀ yìí gbóná?

4 September 2023 ni Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Marina dé Mile 2. Kìlómítà 13 péré ni, stéṣàn márùn-ún: Marina, National Theatre, Iganmu, Suru-Alaba àti Mile 2. Iná ló fi ń rìn, kì í mu dísù bíi ti Red Line tó ń ná Agbado sí Oyingbo. Lórí ọ̀nà tó kúrú báyìí, ta ló máa jókòó ti ìṣirò owó? Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó rìn dé òpin àti ẹni tó bọ́ọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà kò tó nǹkan tí wọ́n ń jà sí.

Apá kejì tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ yìí ló yí nǹkan padà. Kìlómítà 14 ni, ó máa gba Festac, Alakija, Trade Fair, Volkswagen àti LASU kó tó já sí Okokomaiko, tó bá sì parí gbogbo ẹ̀ á di kìlómítà 27. Ọ̀nà ti di ìlọ́po méjì nìyẹn, àwọn tó sì máa wọ̀ ọ́ kì í ṣe irú àwọn tó ń wọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀ nìkan. Ará Ìjànikin, ará Agbara, ará Mowo, ará Ajara, àwọn tó ń jí ní aago mẹ́rin kí wọ́n lè dé Apongbon kí ọ̀gá tó dé, àwọn ló máa ya wọ inú ẹ̀.

Ohun kejì ni epo. Ní 29 May 2023 tí Ààrẹ Tinubu gorí oyè tó sì ní sọ́bsídì epo ti lọ, lítà epo kan ní Èkó tó wà ní nǹkan bíi ₦185 di ₦488 láàárín ọjọ́ mélòó kan, owó mọ́tò Badagry náà fò sókè, kò sì padà sílẹ̀ mọ́. Àtìgbà yẹn ni ará ibí ti ń fi ojú ẹni tí ebi ń pa wo tíréènì. Àwọn àgbà kan ṣì ń mi orí ṣá, torí wọ́n rántí ojú irin Metroline tí Gómìnà Jakande fẹ́ ṣe tí ìjọba ológun Buhari sì fagi lé ní 1985. Wọ́n ní tí àwọn bá ti jókòó sínú ẹ̀ tán làwọn tó máa béèrè owó.

Kí ni wọ́n ń pè ní owó ìwọ̀n ọ̀nà gan-an?

Ọ̀nà mẹ́ta lòpọ̀ ìlú ń gbà gba owó tíréènì. Àkọ́kọ́ ni owó kan náà fún gbogbo èèyàn, ìyẹn ti subway New York, ibi tó o bá wọ̀ tàbí ibi tó o bá bọ́ sí ò kàn wọ́n, o ti san owó ẹnu ọ̀nà, ó parí. Èkejì ni ti zone bíi ti London, wọ́n pín ìlú sí òbìrí-òbìrí láti àárín lọ síta, iye òbìrí tó o bá là kọjá lo máa sanwó fún. Ẹ̀kẹta lọ̀rọ̀ tiwa yìí, owó ìwọ̀n ọ̀nà, kìlómítà ni wọ́n ń kà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi í lóye ni pé wọ́n rò pé kíka kìlómítà jẹ́ kìlómítà kan lọ́nà iye owó kan, èjì lọ́nà méjì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ títí. Ó ṣọ̀wọ́n kó rí bẹ́ẹ̀ nínú ìlú ńlá. Ohun tí wọ́n sáábà máa ń ṣe ni pé wọ́n á kọ́kọ́ gba owó ìwọlé, owó tó máa gbé ẹ dé ibì kan, lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa fi díẹ̀díẹ̀ lé e. Ní Jakarta, lórí tíréènì tó ń gbé òṣìṣẹ́ wọ̀lú, rupiah 3,000 ni kìlómítà 25 àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìyẹn rupiah 1,000 fún kìlómítà mẹ́wàá-mẹ́wàá tó bá lé. Ẹ wò ó dáadáa. Ẹni tó rìn kìlómítà márùn-ún àti ẹni tó rìn 25, owó kan náà ni wọ́n san, ẹni tó rìn 45 ò sì san ju rupiah 5,000 lọ. Wọ́n ń ka kìlómítà lóòótọ́, àmọ́ wọ́n ń kà á pẹ̀lú àánú.

Nítorí náà tí ẹnì kan bá ní "wọ́n fẹ́ máa gba owó ìwọ̀n ọ̀nà", ẹ má tíì bínú, ẹ má sì tíì yọ̀. Béèrè mẹ́ta: èló ni owó ìwọlé, kìlómítà mélòó ni owó ìwọlé yẹn gbé, èló ni wọ́n ń fi lé e lẹ́yìn ẹ̀, ṣé ó ń dín kù bí ọ̀nà ṣe ń jìn àbí kò dín. Mẹ́rin gan-an nìyẹn, àmọ́ ẹ ti gbọ́ mi.

Ṣé kì í ṣe bí dánfó ṣe ń ṣe náà nìyẹn?

Ó jọ ọ́, kì í ṣe òun. Ẹ lọ dúró sí gáréèjì Roundabout ní aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ tí ojú ọjọ́ dáa. Kọ́ńdọ́ á rọ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn, á máa pè é lọ́kọ̀ọ̀kan: "Agbara, Iyana-Era, Okoko, Mile 2, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" Owó Agbara ò tó owó Okoko, owó Okoko ò tó ti Mile 2. Owó ìwọ̀n ọ̀nà nìyẹn, kò sí ẹni tó gbé tépù wọ̀n ọ́n ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n.

Ẹ wá padà síbẹ̀ lọ́jọ́ tí òjò rọ̀. Kọ́ńdọ́ kan náà, ọkọ̀ kan náà, á ti gbàgbé Agbara pátápátá. "Mile 2 tààrà! Ibi tó bá wù ẹ́ kó o bọ́ sí, owó kan ni o!" Ẹni tó ń lọ Agbara á wò ó, á wo òjò, á sì san owó Mile 2. Láàárín alẹ́ kan àti àárọ̀ kan, ọkọ̀ ti kúrò ní owó ìwọ̀n ọ̀nà bọ́ sí owó kan náà, kò sì sí ẹni tó kọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni.

Ìyàtọ̀ tó wà ńbẹ̀ nìyẹn. Dánfó ń ka ọ̀nà, ó tún ń ka òjò, ó ń ka àsìkò, ó ń ka iye èèyàn tó dúró, ó ń ka iye tí agbèrò gbà lọ́wọ́ ẹ̀, ó tún ń ka súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Tíréènì tó ń ka kìlómítà, kìlómítà nìkan ló gbọ́dọ̀ kà. Wọ́n ti tẹ tábìlì owó sára ògiri, ó sì wà nínú kọ̀ǹpútà, òjò ò lè yí i. Ìyẹn ni àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ fi ń yìn ín jù. Òótọ́ ni pé àwọn ìlú kan náà wà tí owó tíréènì ti ń gbówó lérí ní àsìkò tí èrò pọ̀, London jẹ́ ọ̀kan, ṣùgbọ́n wọ́n kọ àsìkò náà sílẹ̀ kí gbogbo èèyàn rí i, kì í ṣe bí inú kọ́ńdọ́ bá ṣe rí lọ́jọ́ náà.

Èwo wá ni Blue Line ń lò báyìí?

Ìwọ̀n ọ̀nà ni, látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ₦750 ni wọ́n fi sí láti Mile 2 dé Marina, ẹni tó bá bọ́ọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà ò ní san tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àwọn tó wọ̀ ọ́ nígbà yẹn ò mọ ₦750 rárá, ₦375 ni wọ́n mọ̀, torí ìjọba ìpínlẹ̀ ń fún èèyàn ní ẹ̀dínwó ìdajì lórí gbogbo ọkọ̀ ìjọba nítorí ọ̀rọ̀ epo. Ní February 2024, Gómìnà Sanwo-Olu kéde ẹ̀dínwó mìíràn, 25% nìyẹn lọ́tẹ̀ yìí.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìjà orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń bẹ̀rẹ̀, àwọn méjì á máa bára wọn jà lórí iye owó, ọ̀kan ń sọ iye tó wà lórí tábìlì, èkejì ń sọ iye tí káàdì ẹ̀ yọ. Tábìlì owó lọ̀tọ̀, ẹ̀dínwó lọ̀tọ̀. Ẹ̀dínwó jẹ́ ohun tí ìjọba lè mú kúrò lọ́la láìfọwọ́ kan tábìlì, èèyàn á sì rò pé wọ́n fowó kún un. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Bangladesh nìyẹn. Láti ọdún pípẹ́ ni wọ́n ti ń dín owó kù fún ẹni tó bá rin ìrìn tó ju kìlómítà 100 lọ, 20% fún kìlómítà 101 sí 250, 25% títí dé 400, 30% fún ohun tó bá lé síyẹn. 4 May 2024 ni wọ́n mú un kúrò. Owó kìlómítà kan ò yí padà rárá lórí ìwé, ṣùgbọ́n ará abúlé tó ń rin ọ̀nà jíjìn ló mọ ohun tí àpò ẹ̀ sọ.

Tí tíréènì bá dé Okoko, ṣé ìlọ́po méjì ni lóòótọ́?

Ó dá lórí irú ìṣirò tí wọ́n bá lò, ẹ jẹ́ ká fi ₦750 ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ṣe àpẹẹrẹ. Mo mọ̀ pé kì í ṣe owó tí wọ́n máa gbà nígbà tó bá dé Okoko, nǹkan ti gbówó lórí jù ú lọ, àmọ́ ẹ jẹ́ ká lò ó kí ìṣirò lè yé wa.

₦750 fún kìlómítà 13 jẹ́ nǹkan bíi ₦58 lórí kìlómítà kan. Tí wọ́n bá ń fi ₦58 yẹn ka gbogbo ọ̀nà láìdín in kù, kìlómítà 27 á lé díẹ̀ ní ₦1,550. Ìlọ́po méjì àti díẹ̀ nìyẹn, ẹni tó ń pín voice note ò purọ́, ìṣirò kan yìí nìkan ló mọ̀ ni.

Ṣùgbọ́n ẹ fi ti Beijing ṣe é. Níbẹ̀, yuan mẹ́ta ni kìlómítà mẹ́fà àkọ́kọ́, yuan mẹ́rin dé 12, márùn-ún dé 22, mẹ́fà dé 32, lẹ́yìn ìyẹn yuan kan fún kìlómítà 20-20. Ẹni tó rin kìlómítà 13 níbẹ̀ san yuan márùn-ún, ẹni tó rìn 27 san mẹ́fà. Ọ̀nà di ìlọ́po méjì, owó fi ìdá kan nínú márùn-ún lé. Tá a bá gbé irú ìwọ̀n yẹn lé ₦750, Okoko sí Marina á jẹ́ ₦900. Pé ₦1,550 àti pé ₦900, méjèèjì ni owó ìwọ̀n ọ̀nà, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Tí wọ́n bá sì ní kí gbogbo èèyàn máa san owó kan náà, owó yẹn ò lè dúró sí iye kékeré tí ẹni tó ń lọ stéṣàn kan fẹ́, á sún sókè sí àárín, ẹni tó wọ̀ ní Suru-Alaba tó fẹ́ bọ́ ní Mile 2 lá a máa bá ará Okoko sanwó.

Àwọn ìlú tó ti yí tiwọn padà, kí ló lé wọn síbẹ̀?

Beijing tá a mẹ́nu bà yìí, yuan méjì péré ni wọ́n ń gbà láti 2007 fún ibi yòówù tó o bá ń lọ. Owó pọ́ọ́kú. Ojú irin wọn wá ń gùn sí i lọ́dọọdún, èrò kún un débi tí ilẹ̀kùn ò fẹ́ lè tì láàárọ̀, iye tí ìjọba ń fi dí i sì ń pọ̀ sí i. 28 December 2014 ni wọ́n yí i sí ti kìlómítà. Èrò àwọn aláṣẹ ni pé ẹni tó ń rin ibi tí ẹsẹ̀ lè dé á fi ẹsẹ̀ rìn ín, kó fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, kí owó sì wọlé.

Paris kọrí sí òdìkejì ẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó ń gbé lẹ́yìn odi ìlú lè san tó euro márùn-ún kó tó wọ àárín ìlú. Ní 1 January 2025, wọ́n sọ tíkẹ́ẹ̀tì kan di euro 2.50 lórí métrò àti tíréènì káàkiri agbègbè Île-de-France, yàtọ̀ sí ti pápákọ̀ òfurufú. Inú ará ẹ̀yìn odi dùn. Ará àárín ìlú tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ní euro 2.15 tẹ́lẹ̀ ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í san 2.50 fún ìrìn kúkúrú kan náà tó ń rìn. Ẹni tí wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí ẹ̀, orí ẹlòmíì ni wọ́n gbé e lé.

Jámánì tiẹ̀ ní òun ò ka nǹkan kan mọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ ra ti oṣù. Wọ́n kọ́kọ́ dán euro mẹ́sàn-án wò láàárín June sí August 2022, èrò ya bo ojú irin, lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé Deutschlandticket jáde ní 1 May 2023 ní euro 49 lóṣù, tíkẹ́ẹ̀tì kan fún bọ́ọ̀sì àti tíréènì ìlú àti ti agbègbè káàkiri orílẹ̀-èdè, ó di euro 58 ní January 2025. Àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ wọn àti ìjọba àpapọ̀ bá ara wọn jà gan-an lórí ẹni tó máa san àfikún ẹ̀.

Íńdíà ló tún wà tó jẹ́ kìlómítà ni wọ́n ti ń kà látayébáyé. Ní 1 July 2025 wọ́n fi paisa kan lé kìlómítà kan lórí tíréènì Mail àti Express tí kò ní AC, paisa méjì lórí ti AC (ọgọ́rùn-ún paisa ló ń di rupee kan). Ó dà bíi pé kò tó nǹkan, ẹni tó rin kìlómítà 1,000 nínú AC ti fi rupee 20 kún owó ẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì olóṣooṣù àti ti tíréènì ìgboro, wọn ò fọwọ́ kàn án, torí ibẹ̀ ni òṣìṣẹ́ kún sí, ibẹ̀ sì ni ìbò wà.

Báwo ni káàdì ṣe máa mọ ibi tí mo bọ́ sí?

Ìbéèrè yìí dà bí ìbéèrè ọmọdé àmọ́ òun ni gbogbo ètò yìí gùn lé. Kò sí bó o ṣe lè ka ọ̀nà tó ò bá mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Ìdí nìyẹn tí káàdì Cowry, èyí tí wọ́n fi ń sanwó ọkọ̀ ìjọba ní Èkó, fi ń kan ẹ̀rọ nígbà tó o bá ń wọlé, tó tún ń kàn án nígbà tó o bá ń jáde. Lórí tíréènì ó rọrùn, géètì ló wà ńbẹ̀, tó ò bá tẹ̀ ẹ́ kò ní ṣí fún ẹ. Lórí bọ́ọ̀sì ni wàhálà wà, èrò ń ti ara wọn, awakọ̀ ń kígbe "ẹ sọ̀ kíá", ẹnì kan á bọ́ọ́lẹ̀ láìtẹ káàdì. Ètò tó ń ka kìlómítà ò mọ ohun tó lè ṣe fún ẹni bẹ́ẹ̀ ju kó gba owó tó ga jù lọ́wọ́ ẹ̀. Ní London, ẹni tó bá wọlé tí kò tẹ̀ ẹ́ jáde, owó tó ga jù ni wọ́n máa yọ.

Ìyá ẹlẹ́ja tó gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja gbígbẹ bọ̀ láti ọjà Agbalata, tí ọwọ́ kan di apẹ̀rẹ̀ mú tí ìkejì di ọmọ mú, ọwọ́ wo ló fẹ́ fi tẹ káàdì? Àwọn tó ń ṣe ètò ò sáábà rántí irú èyí. Owó kan náà ò ní wàhálà yìí, ẹ̀ẹ̀kan lo máa tẹ̀ ẹ́, ó tán.

Ta ló fẹ́ ẹ, ta ni kò fẹ́ ẹ?

Àwọn tó ń bójú tó ètò ìrìnnà sáábà fẹ́ ẹ torí ó jẹ́ kí owó tó ń wọlé bá iṣẹ́ tí tíréènì ṣe mu, iná tó ń gbé e dé Okoko ò lè jẹ́ iye tó gbé e dé Suru. Ẹni tó ń rin stéṣàn kan tàbí méjì náà fẹ́ ẹ, ará Festac tó ń lọ Mile 2 á ní kí ló kan òun pẹ̀lú ọ̀nà ẹlòmíì.

Àwọn tí kò fẹ́ ẹ ní ìdáhùn tó lágbára. Wọ́n ní ta ló ń gbé ibi tó jìn? Kì í ṣe olówó tó ń gbé Ìkòyí ló ń wá ilé sí Aradagun. Owó ilé ló lé èèyàn dé Mowo, dé Ìbéréko, ó ń fi oorun ẹ̀ àti wákàtí mẹ́ta lójú ọ̀nà san án, tó o bá wá tún ní bí ọ̀nà ẹ ṣe jìn ni màá ṣe gba owó ẹ tó, o ti fìyà jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tó ń ti owó ìwọ̀n ọ̀nà lẹ́yìn á dá wọn lóhùn pé owó kan náà ò ran aláìní lọ́wọ́ bó ṣe jọ, torí tálákà náà wà ní Ajégúnlẹ̀ àti Orílé tó jẹ́ pé ọ̀nà kúkúrú ló ń rìn, pé tí ìjọba bá fẹ́ ran aláìní lọ́wọ́ kó fún aláìní ní ẹ̀dínwó lórí káàdì ẹ̀, kó má yí ìwọ̀n padà fún gbogbo èèyàn. Méjèèjì ló ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ohun tó sì máa ń pa àlàfo yẹn dé ní ọ̀pọ̀ ìlú ni ìwọ̀n tó ń dín kù bí ọ̀nà ṣe ń jìn, tàbí kí wọ́n fi gbèdéke sí i pé owó ọjọ́ kan ò gbọdọ̀ kọjá iye báyìí.

Àwa tá à ń gbé Badagry gangan ńkọ́?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù rèé, òun sì lèyí tí wọn kì í sọ nínú bọ́ọ̀sì. Okokomaiko ni Blue Line parí sí. Láti Badagry Roundabout dé Okoko ṣì jìnnà gan, ó jù gbogbo ọ̀nà tíréènì náà lọ. Ẹni tó ń gbé Topo á kọ́kọ́ wọ okada tàbí kẹ̀kẹ́ Márúwá dé Roundabout, á wọ bọ́ọ̀sì dé Okoko, á wá wọ tíréènì, tó bá dé Marina ó tún lè wọ nǹkan mìíì lọ sí Obalende. Ìrìn kan ni lójú ẹ̀, ilé sí ibi iṣẹ́. Lójú àwọn tó ń gbowó, ìrìn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni, ìkọ̀ọ̀kan sì ní owó ìwọlé tiẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi òǹkà tí mo kàn mú sọ́kàn ṣàpẹẹrẹ. Ká ní owó ìwọlé jẹ́ ₦300, kìlómítà kan jẹ́ ₦20, ìrìn náà sì jẹ́ kìlómítà 50. Tó bá jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì kan ló gbé e délẹ̀, ₦300 àti ₦1,000, ó di ₦1,300. Tí wọ́n bá gé e sí mẹ́ta, owó ìwọlé á di ₦900, kìlómítà ṣì jẹ́ ₦1,000, ó ti di ₦1,900. Ọ̀nà ò gùn sí i, ₦600 ti lé. Àlọ àtàbọ̀, ₦1,200. Fún ọjọ́ iṣẹ́ 22 lóṣù, ₦26,400. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba Èkó kéde ní October 2024 jẹ́ ₦85,000. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀, kò sì sí kìlómítà kankan nínú ẹ̀, owó pé a yí ọkọ̀ ni.

Singapore rí ìṣòro yìí, ní 3 July 2010 wọ́n pa bọ́ọ̀sì àti tíréènì pọ̀, kìlómítà gbogbo ìrìn ẹ ni wọ́n ń kà látìbẹ̀rẹ̀ dópin, bó o ṣe yí ọkọ̀ ò fi owó ìwọlé mìíì lé e. Seoul ti ṣe irú ẹ̀ ní July 2004, owó ìwọlé kan gbé ẹ dé kìlómítà mẹ́wàá, lẹ́yìn náà ni wọ́n ń fi díẹ̀ lé e ní kìlómítà márùn-ún márùn-ún, bọ́ọ̀sì tàbí tíréènì. Nítorí náà fún ẹni tó ń gbé Badagry, bóyá ₦900 ni Okoko sí Marina tàbí ₦1,550 ṣe pàtàkì, àmọ́ bóyá bọ́ọ̀sì tó gbé e dé Okoko wà nínú ìṣirò yẹn tàbí kò sí ńbẹ̀ ló máa sọ bóyá tíréènì yìí dín owó kù fún un rárá tàbí ó kàn dín wákàtí kù. Àwọn kan á ní wákàtí náà lówó. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ kọ́ńdọ́ kì í gba wákàtí.

Ta ló láṣẹ lórí gbogbo ẹ̀?

LAMATA, àjọ ètò ìrìnnà tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ ní 2002 nígbà tí Tinubu ṣì wà ní gómìnà, ló ń bójú tó Blue Line àti Red Line, gómìnà ló sì sábà máa ń kéde ẹ̀dínwó. Tíréènì Èkó sí Ìbàdàn tó jẹ́ kìlómítà 157 ò sí lábẹ́ wọn, ti ìjọba àpapọ̀ nìyẹn, lọ́wọ́ NRC, iléeṣẹ́ ojú irin ìjọba àpapọ̀, ẹ má da owó ẹ̀ pọ̀ mọ́ ti Blue Line bí àwọn kan ṣe ń ṣe. March 2023 ni àtúnṣe sí òfin orílẹ̀-èdè tiẹ̀ tó jẹ́ kí ìpínlẹ̀ lè ṣe ojú irin tiẹ̀ láìjẹ́ pé Abuja nìkan ló ni í.

Owó bọ́ọ̀sì Badagry sí Okoko wá ńkọ́? Páákì ló ń bù ú. Awakọ̀ àti ẹgbẹ́ wọn ni, kò sí tábìlì, kò sí káàdì, owó tútù lọ́wọ́ kọ́ńdọ́ tó ti ká náírà bíi abẹ̀bẹ̀ sáàárín ìka. Kò sí ẹ̀rọ tó lè ka kìlómítà ẹni tó fi owó tútù san ọkọ̀, tó máa wá lọ so ó pọ̀ mọ́ ti tíréènì. Tí ìjọba bá fẹ́ kí ọ̀nà Badagry wọ inú ìṣirò, ó lè kó bọ́ọ̀sì tó ń gba Cowry sí ọ̀nà náà dé Roundabout, irú èyí tí wọ́n ṣe pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ kékeré First and Last Mile tí Sanwo-Olu bẹ̀rẹ̀ ní 2021, tàbí kó jókòó ti àwọn ẹgbẹ́ awakọ̀ kí wọ́n gbà kí wọ́n kan ẹ̀rọ káàdì mọ́ dánfó. Ti àkọ́kọ́ á ná wọn lówó. Ti ìkejì, ẹni tó bá ti bá agbèrò dúnàádúrà rí mọ ohun tó máa ná wọn.